Rìfọ́fà Ńlá àbí Kékeré: Ẹ Yìn Wọ́n Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Rìfọ́fà ni ìbọn ìléwọ́ tí ibi tí wọ́n ń ki ọta sí máa ń yí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kékeré rẹ̀ ló máa ń wọ èèyàn lójú. Ó fúyẹ́, ó wọ àpò, ọwọ́ kan gbé e. Ẹni tó bá wá gbé ńlá lẹ́yìn ìyẹn a ní ó ti wúwo jù, a sì dá a padà sórí káńtà. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn nígbà tí mo ra àkọ́kọ́ mi. Mo gbé e dé pápá ìyìnbọn, mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, oríkèé ìka mi àárín ti bó níbi tí irin abẹ́ tírígà (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó ró) ti ń gbá a, ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi sì ń ta mí bí ẹni fi ata rà á. Bébà àmì kò jìnnà ju mítà 7 lọ, ihò 2 péré ni mo rí lára rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yá mi ní tirẹ̀, ńlá onírin. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà. Àtẹ́lẹwọ́ mi kan bo gbogbo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lábẹ́ òfin, tó sì ń ronú èyí tí òun fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn síra. Nínú àwọn kékeré, Ruger LCR àti Smith & Wesson 642 ni ẹ ó máa rí jù. Ọta 5 ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn irin róbótó oníhò tó ń yí, ń gbà. LCR tó ń yin ọta .38 Special kò ju nǹkan bíi gíráàmù 380 lọ, nítorí pé ike wà lára egungun rẹ̀. 642 fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ, alumíníọ́mù ni tirẹ̀. Nínú àwọn ńlá, Ruger GP100 àti Smith & Wesson 686 ni mo mọ̀ dáadáa. Irin ni wọ́n látòkè délẹ̀. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 4 lé ní kìlógíráàmù 1, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́ta LCR. Ọta 6 ni wọ́n sábà máa ń gbà, 686 Plus ń gba 7.

Ìwúwo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Agbára tó ń lé ọta jáde níwájú náà ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ìbọn bá wúwo, ara rẹ̀ ló ń gbà á. Bó bá fúyẹ́, ọwọ́ yín ni. Ohun tí ẹ sá fún lórí káńtà ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ìrora ní pápá. Ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í sọ èyí, torí pé kò sẹ́ni tó ń yìnbọn nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ ọta tún wà níbẹ̀. Ọdún 1898 ni .38 Special ti wà, .357 Magnum dé ní 1935. Fífẹ̀ orí ọta méjèèjì dọ́gba, àmọ́ èèpo ti Magnum, ìyẹn ìdí ọta tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn ju ti èkejì lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà wọ inú ìbọn tí kò lè gba agbára rẹ̀. Ìbọn .357 ń yin .38 láìsí wàhálà, ìbọn .38 kò gbọ́dọ̀ yin .357 láé. Ìdí nìyí tí GP100 tàbí 686 fi dà bí ìbọn méjì nínú ọ̀kan: ẹ fi .38 kọ́ṣẹ́, torí pé ó rọ ọwọ́, ẹ wá máa fi Magnum dán ara yín wò tó bá yá. Bí ẹ bá yin .38 púpọ̀, ẹ fọ ihò sìlíńdà kí ẹ tó ki Magnum bọ̀ ọ́, torí èéfín máa ń di òrùka dúdú níbi tí èèpo kúkurú parí sí, èèpo gígùn kò sì ní wọlé tán.

Ní ti tírígà, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn ńlá ní òòlù, irin tó ń bọ́ lu ìdí ọta kó lè ró, níta tí ẹ lè fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fà á, tírígà kò gbà ju kí ẹ fi ìka kàn án díẹ̀, ó tó nǹkan bíi ìwúwo kìlógíráàmù 2. Bí ẹ kò bá fà á, tírígà náà ni yóò gbé òòlù, tí yóò yí sìlíńdà, tí yóò sì tún sọ òòlù sílẹ̀. Ìyẹn le, ó tó kìlógíráàmù 4 sí 5. Òòlù 642 wà nínú, LCR tó wọ́pọ̀ kò sì ní èyí tí ẹ lè fọwọ́ fà, nítorí náà fífà gígùn nìkan ni ẹ ó máa bá yí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo ka èyí sí àléébù gidi. Àmọ́ tírígà LCR rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, mo gbọ́dọ̀ gbóríyìn fún un.

Láàárín àwọn ńlá méjèèjì, tírígà 686 máa ń yọ̀ láti ilé iṣẹ́. GP100 ní tirẹ̀ kò ní pátákó ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi ìdè dè, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lódindi ni, ó sì rọrùn tú palẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń ṣí sìlíńdà Ruger, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú; ti Smith & Wesson, ẹ tì í síwájú. Ẹ dán méjèèjì wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ rí i pé ó ṣófo, ẹ tún un wò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká kọ ọ́ sí òun? Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ẹnìkan. Bí òòlù bá wà níta, ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀: sìlíńdà gbọ́dọ̀ dún kọ́, kó dúró gbọin, kí òòlù tó dé ẹ̀yìn pátápátá. Bó bá ṣì ń jó síwájú sẹ́yìn púpọ̀, ẹ mú òmíràn.

Ní pápá, ìbòtí àti awò ojú ni àkọ́kọ́. Ìró ìbọn kọjá dẹ́síbẹ̀lì 140, tó lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọta 1 péré ni kí ẹ kọ́kọ́ ki, lẹ́yìn náà 2, kí ẹ tó kún un. Ẹ má ṣe gbé àtàǹpàkò tàbí ìka kankan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí sìlíńdà ti pàdé ọ̀pá ìbọn. Àlàfo tóóró kan wà níbẹ̀, iná àti ẹ̀tù ń jáde níbẹ̀, ó lè ya ẹran ara. Bí òòlù bá lu ọta tí kò ró, ẹ kọ ẹnu ìbọn síwájú, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kékeré tí mo rà yẹn lọ́jọ́ kejì. Ọta tó lágbára ni mo fi sí i. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, sìlíńdà kọ̀, kò yí mọ́. Nígbà tí ìbọn ń fò sẹ́yìn, ó ń fa èèpo ọta tó kù lọ, orí ọta kan sì yọ jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi há mọ́ irin iwájú. Ìbọn fífúyẹ́ ló ń ṣe èyí jù. Ẹ yìn gbogbo ọta tó wà nínú rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan, ẹ yọ ìyẹn, ẹ wọn ọ́n pẹ̀lú ọta tuntun. Bó bá ti gùn jù, ẹ pààrọ̀ irú ọta yẹn.

Ohun kan wà tí rìfọ́fà fi ju àwọn ìbọn ìléwọ́ mìíràn lọ, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ki ọta 3 àti èèpo òfìfo 3, ẹ yí sìlíńdà, ẹ tì í pa láìwo inú rẹ̀. Nígbà tí òòlù bá bọ́ sórí òfìfo, tó kàn dún tàì, ẹ wo ẹnu ìbọn. Bó bá jó wálẹ̀, ọwọ́ yín ti ń bẹ̀rù ìró kó tó dé. Mo fi èyí wo ara mi lórí kékeré àti ńlá lọ́jọ́ kan náà. Ti kékeré tẹrí ba ní gbogbo ìgbà. Ti ńlá dúró lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta.

Ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. GP100 bí ẹ bá fẹ́ tú u fọ fúnra yín, 686 bí tírígà bá ká yín lára. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ ra kékeré torí pé yóò máa wà lára rẹ̀, kó mú LCR, kó ra èèkù rọ́bà tó kún ọwọ́, kó má sì kúrò lórí .38 tó rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn pápá ìyìnbọn ń yáni ní ìbọn. Ẹ yá méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ẹ yin 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kékeré ṣáájú. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, torí òjé wà nínú èéfín ọta, kí ẹ sì mú bébà àmì méjèèjì dání.