Ẹgbẹ́ máńgà ọjọ́ Sátidé ní ilé ìkàwé àdúgbò wa, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Ní Ọjọ́rú kan ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti ilé ìkàwé dé lọ́wọ́ òfo. Ọmọ tí báàgì rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ léjìká, tó jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé! Mo bi í bóyá káàdì rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ó ní rárá. Ó wọ yàrá, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ló tó jẹ́wọ́.

Ó ti ṣa apá mẹ́fà jọ nínú Naruto, ìtàn máńgà kan (ìwé alàwòrán àwọn ará Japan, tí a máa ń kà láti ẹ̀yìn wá síwájú), láti apá kẹfà dé ìkọkànlá. Ẹ̀rọ tí a fi ń yá ìwé fúnra ẹni ti dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ló bá kó wọn lọ bá òṣìṣẹ́ tó jókòó nídìí tábìlì. Obìnrin náà mú èyí tó wà lókè pátápátá, ó ṣí i láti ọwọ́ òsì bí a ṣe ń ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ojú ewé tó ń kìlọ̀ pé ẹ̀yìn ìwé lo ti ń bọ̀ yìí, yí i padà. Ó pa á dé. Ó ní, "Ṣé o ò lè mú ìwé gidi kan mọ́ ọn ni?" Àwọn tó tò sẹ́yìn gbọ́. Ọmọ mi kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó dá wọn padà sórí pẹpẹ, ó tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ó sì rìn wá sílé.

Títò tó tò wọ́n padà yẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Obìnrin yẹn náà ló wà níbẹ̀. Kò bú mi, mi ò sì bú u. Ó ní òun ò ní in lọ́kàn láti kan ọmọ náà lábùkù, pé àwọn òbí kan ló máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ wọn máa wo àwòrán nìkan. Mo bi í pé èmi ńkọ́, ìgbà wo ni mo bẹ̀ yín? Ó ní ọ̀gá àwọn ò sí nílé, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ orí mi, wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀yà mi, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin ọdún 1964 ló ní kí káńsù ṣètò ilé ìkàwé tó péye fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó, òfin náà kò sì yọ ẹni tó ń ka máńgà sílẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i rí nílé. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn ni mo rántí ìwé Atọ́ka. Ẹ̀yin tí ẹ bá ọjọ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: fọ́tò àwọn òṣèré tíátà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nínú róbótó funfun. Abẹ́ ibùsùn bàbá mi ní Òṣogbo kún fún un. Ìdí rẹ̀ ni mo ti mọ Yorùbá kà, kì í ṣe ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé kì í ṣe ìwé gidi.

Ọjọ́ 11 kọjá kí ọ̀gá wọn tó pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n mú ọmọ náà wá sí ẹgbẹ́ máńgà lọ́jọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá. Mo mú un lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò bọ́ kóòtù mi, nítorí mo ti múra àtimú un padà sílé bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ ìsọkúsọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan ló ń darí wọn. Àwọn ọmọ tó yí tábìlì ká tó méjìlá. Lọ́jọ́ náà, ìró ló fi ṣe ẹ̀kọ́. Ó fi hàn wọ́n pé lọ́wọ́ àwọn ará Japan, ìró wà lára àwòrán fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń yà á tóbi gba ojú ewé kọjá. Bí àyà bá ń lù, wọ́n á kọ "doki doki". Ó ní ìdákẹ́jẹ́ pàápàá ní ìró tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, "shiin" ni wọ́n ń kọ. Ó wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìró wá láti inú èdè ilé rẹ̀.

Ọmọ mi bojú wẹ̀yìn. "Mọ́mì, tí nǹkan bá já bọ́ ńkọ́?"

Mo ní kí ni nǹkan ọ̀hún? Ó ń wò mí. Mo bọ́ kóòtù, mo jókòó tì í. Mo ní bó bá jẹ́ àpò ìrẹsì ni, gbììì ni. Bó bá jẹ́ ewé ni, wẹ́rẹ́ ni. Omi ní tirẹ̀ á kán tó, tó, tó. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó lódìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í pe "gbììì", ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní, "Ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́?" Mo ní lọ́lọ́. Ilé pa lọ́lọ́.

Ó ya àgbàlá ìyá mi ní Òṣogbo lóru, àsìkò tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ó fi tádàwà kun gbogbo rẹ̀ dúdú, ó yọ fèrèsé kan sílẹ̀, ó sì kọ LỌ́LỌ́ láti igun kan dé ìkejì. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún méjì pé kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀! Olùdarí bi í pé kí ni àmì kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà Ọ yẹn ń ṣe. Ọmọ mi ló ṣàlàyé, mi ò dá sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Ohùn ló fi dá mi lóhùn, ó ń pe oríkì ọmọ náà.

Kí á tó kúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fa Iyanu yọ nínú pẹpẹ, ìwé Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, tí Dark Horse tẹ̀ jáde ní 2021, tí ìtàn rẹ̀ wáyé nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ mi kà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ohun tó kù: ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń ṣe é, wákàtí kan péré, ìdajì bírò wọn ti gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni pẹpẹ máńgà wà. Apá 72 ni Naruto ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bíi pọ́n-ùn mẹ́jọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ilé ìkàwé nìkan ló lè bá wa gbé e. Ṣùgbọ́n apá kejìlá ti sọnù. A ti fi orúkọ sílẹ̀ fún un, ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Apá kẹtàlá wà níbẹ̀, ọmọ náà kò jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Obìnrin yẹn ṣì ń jókòó nídìí tábìlì. Ó máa ń kí mi dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n ṣẹ̀, èmi ni wọ́n bẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó yíjú sí ọmọ náà kó sọ fún un pé ohun tó mú lọ́jọ́ yẹn, ìwé gidi ni.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. A ó wà níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí aago mọ́kànlá tó lù.