Àgbéyẹ̀wò: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń skáànì mọ́tò ní Ìwó Road, àti kóòdù P0171 tó fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí mi

Ẹ tiẹ̀ bá mi gbọ́. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí kí ọ̀gá yẹn tó dá mi lóhùn, mo wá ní kó bá mi pa iná check engine Corolla 2005 mi, ó lóun ò pa á. "Àǹtí, ṣé iná lẹ fẹ́ kí n pa ni àbí ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń mú un tàn?" Lójú gbogbo kọ́sítọ́mà o! Inú bí mi débi pé mo ti na ọwọ́ kí n gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Iná yẹn ti jẹ mí lówó ni. Rìwáyà àdúgbò wa skáànì ẹ̀, ó ní oxygen sensor ló kú, mo sáré lọ ra tókúnbọ̀ l'Áràrọ̀mí ní Gate, iná lọ, ó tún dé. Mẹkáníìkì míì ní MAF ni, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnì, a pààrọ̀ ẹ̀, ó tún dé. Epo tó wá ń jẹ ńkọ́, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n sọ ọ́.

Ọ̀gá yìí ní P0171 ò dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan, pé ohun tó ń wí ò ju pé atẹ́gùn ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì, ẹni tó bá torí ẹ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀ tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ó kọ́kọ́ gbé fóònù, ó bá ẹnì kan jà lórí ẹ̀, gbogbo wa gbọ́, kó tó wá yí skáánà sọ́dọ̀ mi. Lórí slow, láì tẹ accelerator, fuel trim ń lọ sí 30%, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń bu epo kún epo. Ó ní kọ́mọṣẹ́ ẹ̀ tẹ accelerator dé 2,500 rpm, trim yẹn já wálẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ MAF tàbí fuel pump ni, tá a bá tẹ̀ ẹ́ ni ì bá burú sí i, pé atẹ́gùn ń gba ẹ̀yìn wọlé láì kọjá níwájú MAF.

Ló bá mú carb cleaner, ó ń fín in díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ intake, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ó dé ibì kan báyìí, ohùn ẹ́ńjìnì yí padà! Họ́ọ̀sì PCV ni, rọ́bà kékeré tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnì padà sí intake, ó ti là lábẹ́ níbi tójú ò lè dé. Ó ti lé lógún ọdún tí rọ́bà yẹn ti ń jẹ ooru, kí la fẹ́ kó ṣe? Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí i. Ó pààrọ̀ ẹ̀, trim bọ́ sí 3%, ìgbà yẹn ló tó pa kóòdù, ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ bátìrì fún ọjọ́ mélòó kan kí kọ̀ǹpútà lè yẹ ara ẹ̀ wò. Iná ò tíì tàn mọ́ títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Àmọ́ owó! Ọmọbìnrin tó ń gbowó kọ owó skáànì lọ́tọ̀, "diagnosis" lọ́tọ̀, ó tún kọ odindi agolo carb cleaner sí mi lọ́rùn, agolo tí wọ́n ti lò fún Sienna tó ṣáájú mi, ojú mi báyìí ló ṣe! Mo béèrè rìsíìtì, ó ní bíró ò sí. Mo fẹjọ́ sun ọ̀gá, ó ní "Ẹ bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀yẹn, Àǹtí," ó tún gbé fóònù.

2 nínú 5. Camry ẹ̀gbọ́n mi ń gbé P0420, kóòdù tó ń sọ pé catalyst tó ń fọ èéfín ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, gbogbo èèyàn ń sọ fún un pé kó gé e dànù, Sátidé la máa wà á lọ bá ọ̀gá yẹn.