Ìgbì Drake àti Ọkọ̀ tó Gbé Wa Là Á Kọjá: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-àjò Ojú Òkun sí Antárktìkà

Kì í ṣe ẹwà yìnyín tàbí ọ̀wọ́ ẹyẹ pẹngúìn tí a rí ní Antárktìkà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí, nítorí àwọn tó ti ròyìn ìyẹn pọ̀ jọjọ. Bí ilé-iṣẹ́ tí mo sanwó fún ṣe tọ́jú wa nínú òkun ríru ni mo ń wò, láti ọjọ́ tí mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí yàrá tí n ó gbà, títí di ìgbà tí ọkọ̀ padà gúnlẹ̀ sí èbúté Ushuaia ní orílẹ̀-èdè Argẹntínà. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún ni a fi ń díwọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ gba márààrún lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sì gba méjì péré. Àwọn ti inú ọkọ̀ sọ bí òkun ṣe rí fún wa láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Àwọn ti ọ́fíìsì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí omi kankan láàárín èbúté àti yìnyín.

Omi náà wà, ó sì le. Drake Passage ni wọ́n ń pe ojú omi tó wà láàárín Cape Horn, ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, àti àwọn erékùṣù South Shetland. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 800 kìlómítà níbi tó ti há jù, ibẹ̀ sì ni òkun Pàsífíìkì àti Àtìláńtíìkì ti pàdé. Ní apá ayé yẹn, kò sí ilẹ̀ kankan tó dá afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn dúró bó ṣe ń yí gbogbo ayé ká, nítorí náà ìgbì tó bá ti gbéra láti ọ̀nà jíjìn á máa ga sí i ni bó ṣe ń bọ̀. Ìṣàn omi tó yí Antárktìkà po, èyí tó tóbi ju gbogbo ìṣàn òkun yòókù lágbàáyé lọ, tún ń fún ara rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ọkọ̀ máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ó tó la ibẹ̀ já. Nínú ìwé aláràbarà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń polówó ọjà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ọjọ́ méjì yìí, wọ́n ní a ó máa gbádùn ìsinmi lórí òkun.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùtajà sọ fún oníbàárà ni ìdí tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí kò tóbi ni yóò gbé e. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lábẹ́ Àdéhùn Antárktìkà, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí lórí ilẹ̀ náà, kò gbà kí ọkọ̀ tó kó ju 500 èrò lọ sọ èrò kankan kalẹ̀ síbẹ̀, kò sì gbà kí èrò tó wà lórí ilẹ̀ ní ojúkò kan náà ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn bó ṣe yẹ ní láti wọ ọkọ̀ tí èrò inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì máa ń jù síwá sẹ́yìn ju àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó dà bí ìlú lọ. N kò rí àléébù nínú èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ̀ ọ́n kí ó tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló bí mi nínú jù. Bí ìgbì bá gbé imú ọkọ̀ sókè, ìdí rẹ̀ á rì, ṣùgbọ́n àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Bí yàrá bá sì ṣe ga tó ni yóò ṣe máa fì tó. Ìyẹn ni pé yàrá ìsàlẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn ọkọ̀ ló san jù fún ẹni tí òkun ń dà láàmú, ti òkè pátápátá níwájú ló sì burú jù. Ẹ wá wò ó, ti òkè níwájú yẹn gan-an, tó ní fèrèsé gbàgàdà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ yìí ń tà ní owó gọbọi, òun ni wọ́n sì ń yìn jù. Mo bi arábìnrin tó dá mi lóhùn lórí fóònù léèrè pé yàrá wo ni kì í mì púpọ̀. Ó fèsì pé kí n má ṣèyọnu, pé ọkọ̀ àwọn ní ẹ̀rọ tó ń mú un dúró déédéé, pé èrò kì í mọ nǹkan kan lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba yàrá ìsàlẹ̀ láàárín. Bàbá àti ìyá kan tí wọ́n jẹun nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú mi ní alẹ́ àkọ́kọ́ gba ti òkè níwájú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà tí ìjì dé, orí àga gbọọrọ tó wà ní yàrá ìkàwé, lájà kejì, ni wọ́n sùn sí mọ́jú, pẹ̀lú ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ kan bá wọn gbé sọ̀kalẹ̀. Owó yàrá wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi.

Ẹ̀rọ tí arábìnrin náà ń sọ wà lóòótọ́. Irin méjì tó dà bí lẹbẹ ẹja ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lábẹ́ omi, tí ẹ̀rọ ń yí sọ́tùn-ún sósì láti fi tako fífì ọkọ̀. Ó ń dín fífì sí ẹ̀gbẹ́ kù gan-an. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí kí imú ọkọ̀ máa gòkè kí ó sì máa já wálẹ̀, èyí tó jẹ́ pé òun ló ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù; agbára omi tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ló sì fi ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀gá ọkọ̀ bá dín eré kù nítorí ìjì, ìwúlò rẹ̀ náà á dín kù. Bí ọkọ̀ bá wọ àárín yìnyín, ńṣe ni wọ́n ń fà á wọlé kí ó má baà kán.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ìrìn-àjò ka gbogbo aṣọ òtútù tí a nílò lẹ́sẹẹsẹ, dórí irú ìbọ̀sẹ̀ tó yẹ, ṣùgbọ́n nípa òòyì òkun, ohun tó sọ kò ju pé kí a mú oògùn dání. Ìyẹn kò tó. Inú etí lọ́hùn-ún ni ara ti ń mọ̀ pé òun ń mì. Bí etí bá ń sọ pé a ń lọ sókè sódò, tí ojú sì ń wo ògiri yàrá tí kò kúrò lójú kan, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ní bára mu, ibẹ̀ ni inú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wíwo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi fi ń dẹ̀rọ̀ fún ẹni tí òòyì ń kọ́, tí ìwé kíkà tàbí fóònù títẹ̀ sì ń dá kún un. Kí ìgbì tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń lo oògùn, nítorí èyí tí a bá gbé mì lẹ́yìn tí èébì ti ń gbé ènìyàn kì í pẹ́ tí yóò fi padà jáde. Meclizine àti dimenhydrinate jẹ́ oníhóró, wọ́n sì máa ń mú oorun kunni. Èyí tí mo lò ni scopolamine alẹ̀mọ́, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, ó kéré tán wákàtí 4 ṣáájú, tí agbára rẹ̀ sì ń tó ọjọ́ 3. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó gbẹ mí lẹ́nu débi pé búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbé mì. Ẹni tó bá ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀, àwọn àgbàlagbà náà sì ní láti ṣọ́ra nítorí ó lè dà wọ́n lọ́kàn rú. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ kíá, torí bí ọwọ́ yẹn bá kan ojú, ẹyinjú á là gbàgà, ìríran á sì di bàìbàì. Okùn tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ láti fi dènà òòyì òkun kò ṣe mí ní oore kankan.

Láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀ ni nǹkan ti yàtọ̀. Kí a tó kúrò ní èbúté ni wọ́n ti ṣe ìdánrawò ìgbàlà, gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé ṣe sọ ọ́ di dandan lẹ́yìn tí ọkọ̀ Costa Concordia dojú dé ní Ítálì ní 2012, tí àwọn èrò kan níbẹ̀ kò sì tíì ṣe tiwọn. Gbogbo wa wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, wọ́n sì mú wa dé ìdí ọkọ̀ ìgbàlà tí kálukú yóò wọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó fi àwòrán ojú ọjọ́ hàn wá lára ògiri, ó ní ìjì kan ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn tí yóò dé ìpele 10 lórí òṣùwọ̀n Beaufort. Òṣùwọ̀n yìí ni Francis Beaufort, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní nǹkan bí 1805. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré láàárín kìlómítà 89 sí 102 ní wákàtí kan ni ìpele 10 jẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun yóò dúró sínú Beagle Channel, ojú omi tóóró tí Ushuaia wà létí rẹ̀, níbi tí òkè ti ṣíji bo omi lọ́tùn-ún lósì, títí tí ojú ìjì náà gan-an yóò fi kọjá, àti pé ohun tí a ó bá pàdé lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣì le, ṣùgbọ́n kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kùn nítorí pé ìdúró yẹn yóò jẹ ibì kan lára àwọn ibi tí à bá sọ̀ sí. N kò bá wọn kùn.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe palẹ̀ ọkọ̀ mọ́ de òkun yẹ fún ìyìn. Wọ́n fi irin dé àwọn fèrèsé roboto tó wà ní àjà ìsàlẹ̀ láti inú, èyí tó mú kí yàrá mi ṣú dùdù, wọ́n fi ṣéènì kékeré so àga mọ́lẹ̀, wọ́n ti àwọn ilẹ̀kùn tó jáde síta pa, wọ́n sì dá àtẹ̀gùn oníná dúró. Ẹ̀yìn irin ìdìmú tó wà lára ògiri gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n to àpò bébà tí a ń bì sí sí, níwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ síra wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní wá a tì. Aṣọ tútù ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ kí àwo má baà máa yọ̀, ìdajì ife péré ni wọ́n sì ń bu omi. Arákùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa kì í bá ìgbì jà. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró, á tẹ orúnkún díẹ̀, á jẹ́ kí ó kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ìṣísẹ̀ tó kàn. Mo fara wé e ní gbogbo ìyókù ìrìn-àjò náà, n kò sì ṣubú.

Arákùnrin náà kìlọ̀ fún wa pé ilẹ̀kùn léwu ju ìgbì lọ, pé ìka ni èrò sábà máa ń fi ṣòfò nítorí pé wọ́n ń di etí ilẹ̀kùn mú nígbà tí ọkọ̀ bá fì. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń yí gbirigbiri lórí ibùsùn, ó bá mi ki ẹ̀wù agbẹ̀mílà bọ abẹ́ etí tìmùtìmù, ìyẹn sì tì mí mọ́ ara ògiri bí ẹni tó sùn sínú kòtò kékeré kan. Láti ìgbà yẹn ni mo ti rí oorun sùn. Ariwo kò dáwọ́ dúró o: bí imú ọkọ̀ bá já lu omi, gbogbo ara ọkọ̀ á gbọ̀n rìrì, á sì dún bí ẹni ń fi irin lu irin. Olórí àwọn amọ̀nà fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàlàyé ohun tí ariwo kọ̀ọ̀kan jẹ́, àlàyé yẹn sì lé ẹ̀rù lọ ju oògùn kankan lọ. Àléébù kan níbẹ̀ ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni ohùn náà ti ń dún ketekete. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sí yàrá ní láti ṣílẹ̀kùn kí ó tó gbọ́ ọ. Dókítà ọkọ̀ ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń gún àwọn tí èébì kò jẹ́ kí omi dúró nínú wọn ní abẹ́rẹ́ promethazine, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn tí mo padà délé, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lórí ibi ìsọ̀kalẹ̀ tí a pàdánù. N kò béèrè owó, torí ìwé àdéhùn ti sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ lè yí ètò padà nítorí ojú ọjọ́ láìsan gbà-má-bínú, ohun tó sì ṣe tọ́ lójú mi. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́ nípa yàrá òkè fún àwọn oníbàárà, kí wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ oògùn sínú lẹ́tà wọn. Èsì tí mo gbà ni ìdúpẹ́ àti ẹ̀dínwó fún ìrìn-àjò mìíràn.

Fún ẹni tí kò lè fara da òkun rárá, ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé èrò láti Punta Arenas ní Chile lọ sí erékùṣù King George, ní nǹkan bí wákàtí 2, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń ga ju tiwa lọ, kùrukùru sì lè dá ọkọ̀ òfuurufú náà dúró fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹni tó bá yan ọ̀nà yẹn rí i dájú pé adójútòfò òun bo ìdádúró àti owó hòtẹ́ẹ̀lì, yàtọ̀ sí ti ìtọ́jú àìsàn àti gbígbé aláìsàn kúrò ní Antárktìkà, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó gbé wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìní.