Abọ́ igi Jàpáànì: magewappa ni kí ẹ rà ni, tàbí Wajima?

Kí ẹ tó náwó sí abọ́ igi àwọn ará Jàpáànì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni yóò máa fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń fi kànrìnkàn irin ha gbogbo nǹkan ni, ẹ tọ́jú owó yín.

Igi kédárì ni wọ́n fi ń ṣe magewappa, abọ́ onídèérí tí wọ́n ń di oúnjẹ ọ̀sán sí, ti ìlú Odate, ní ìpínlẹ̀ Akita. Wọ́n á la pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí á fi rọ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á wá fi èèpo igi ṣẹ́rì rán ojú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá di ìrẹsì sínú èyí tí wọn ò kùn, igi á fa omi rẹ̀ mu. Tó bá dọ̀sán, ìrẹsì á ti tutù lóòótọ́, àmọ́ kò ní rin gbindin bíi ti inú kúlà oníke. Wàhálà rẹ̀ ni gbígbẹ. Mo dé tèmi lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó ṣì tutù. Ìgbà tí mo máa ṣí i lọ́jọ́ kẹta, igun rẹ̀ ti bu, àmì dúdú náà ò sì kúrò títí dòní. Èyí tí wọ́n fi urethane (ọ̀dà oníke) kùn gba ọṣẹ, ó gba ẹran díndín, àmọ́ kì í fa omi ìrẹsì mọ́.

Ọbẹ̀ ni abọ́ ti ìlú Wajima, ní ìpínlẹ̀ Ishikawa, wà fún. Wọ́n á fi aṣọ lẹ ẹnu àti ìdí abọ́ náà, níbi tó ti lè tètè là, wọ́n á po erùpẹ̀ sísun mọ́ oje igi urushi, wọ́n á máa kùn ún léraléra. Iṣẹ́ rẹ̀ lé ní 100 ìgbésẹ̀, òun ló fi wọ́n. Ọbẹ̀ á gbóná nínú rẹ̀, ọwọ́ yín ò ní jó. Tó bá ha, wọ́n lè tún un kùn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024 ba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn jẹ́, nítorí náà ẹ ní sùúrù bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe tuntun.

Méjèèjì ò gbọdọ̀ wọ máíkírówéfù.

Yosegi ti Hakone, tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ igi dárà sí, àpótí ohun ẹ̀ṣọ́ ló dáa fún.

Ẹ ka ìwé ara páálí. 天然木 ni ojúlówó igi. Bí 加工品 bá tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n pò mọ́ ike ni. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ya àwòrán ìwé náà síta, ẹ ní kó yà á.