Ewé Akíntọ́lá àti Ewéko Orí Ọ̀sà: Àlejò Wo Ló Ni Wá Lára Jù?

Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni àwọn ewéko méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ti wà ní Nàìjíríà ṣáájú òmìnira. Ṣùgbọ́n ọdún 1984 ni ewéko orí ọ̀sà, èyí tí ń léfòó lójú omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, gba ojú omi Àgbádárìgì wọ ọ̀sà Èkó láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àgbẹ̀ tí ó bá fi oko sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ mọ ìyọnu ewé Akíntọ́lá: ó ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbẹ di ohun ìdáná nígbà ọyẹ́, tata tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ sì fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ta ni kò tíì fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ rí kí ẹ̀jẹ̀ lè dá?

Lójú tèmi, ẹjọ́ ti orí omi ló le jù. Níbi tí ìdọ̀tí ìlú bá ti ń ṣàn wọ omi, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń ba àwọ̀n apẹja jẹ́, ó sì ń dènà ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ẹja nílò. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbígbẹ hun apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni èyí tí ọwọ́ wọn lè ká. Iyọ̀ òkun tí ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí òjò bá sì ti fọ iyọ̀ náà lọ, á tún padà dé.