Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ ni àwọn tó ń ta "ìwé HCA"

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ HCA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn) ní Ìlú Ọba, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun bá yín ṣe Care Certificate (ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú) àti DBS (àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí), kóun sì fi yín sí ọsibítù ìjọba, ìyẹn NHS, olè ni! Wọ́n ti fi gba £380 lọ́wọ́ mi. Owó kíléènì tí mo fi òru ṣe.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi o. "Àbúrò mi" ló ń pè mí. Ó ní láìsí ìwé yẹn lọ́wọ́, ọsibítù kankan ò ní wojú mi. Mo san £200. Ó ní ó ku £100 ti DBS, mo san. Ó tún ní ó ku £80 tí wọ́n fi ń di àyè mú lọ́sibítù. Àyè wo? £380 o!

Fídíò orí WhatsApp lásán ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Mo wò ó lálẹ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí sáàtífíkéètì fi dé. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 15 standards (ìlànà tí ẹ̀kọ́ náà ní), bẹ́ẹ̀ ó ti di 16 ní 2025. Ẹnikẹ́ni ò wò mí bí mo ṣe ń fọwọ́, tàbí bí mo ṣe ń gbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn. Ohun tí mánéjà wọ́ọ̀dù sì kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Ta ló wò ọ́ nígbà tí o ń ṣe é?" Ẹnu mi wọhò. Ó rọra ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ má sọ fún mi pé mi ò béèrè. Mo béèrè! Ẹni tí owó ilé ń lé kiri, tí èèyàn rẹ̀ wá ń fi Ọlọ́run búra fún, kí ló fẹ́ ṣe? Àmọ́ ó yẹ kí n ti fura nígbà tó ní kí n san án sí orúkọ ẹlòmíì. Ó yẹ kí n ti fura.

Ẹ gbọ́: ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Care Certificate fún èèyàn lẹ́yìn tó bá ti gbà á, òun náà ló ń béèrè enhanced DBS. Ọ̀fẹ́ ni NHS Jobs, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ NHS. Apprenticeship wà, wọ́n á máa sanwó fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti care home (ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó) náà. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1973 sì ti ní ilé iṣẹ́ tó ń báni wá irú iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́.

Mo pe obìnrin náà padà, ó ti búlọ́ọ̀kù mi. Báńkì ní mo ti gba ìwé, èmi àti ẹni tó tà á ni ká jọ yanjú rẹ̀. Ìwé wo? Ìwé òfo! Ní tèmi o, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ta ọ̀nà iṣẹ́, mi ò gbà á gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ àáfà.

Ó ṣì ń tà á o. Lánàá ló tún gbé e sórí status pé àyè ti fẹ́ẹ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó fún un, ẹ tọ́jú rísíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ, kẹ́ ẹ sì pe báńkì yín lónìí.