Ilé Ìgbàanì Tí A Háyà ní Takayama Tó Ìdílé Gbé

Takayama, ní ẹkùn Gifu ní ilẹ̀ Japan, jẹ́ ìlú kékeré tí òkè yí ká. Nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fi ń gbé ni débẹ̀ láti Nagoya. Níbẹ̀ ni ìdílé wa láti Ìlọrin, tọmọdé tàgbà, ti háyà odidi ilé àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kominka. Lójú tèmi, bí ẹ bá fẹ́ mú ìyá àti ọmọ lọ sí ilẹ̀ Japan, irú ilé yìí sàn fún yín ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, bí kò bá ti jẹ́ ìgbà òtútù.

Igi ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, èéfín ààrò àárín ilé sì ti sọ àwọn òpó àti àjà rẹ̀ di dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni pé ilẹ̀kùn fífà tí wọ́n fi bébà bò ni ó pààlà yàrá sí yàrá. Lọ́sàn-án a máa ń ṣí gbogbo wọn, ilé á sì di gbọ̀ngàn kan ṣoṣo títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó kọjú sí àgbàlá, tí a ó máa wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré; lálẹ́ a ó fà wọ́n dé, ìyá wa á sì ní yàrá tirẹ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni wọn ì bá pín wa káàkiri yàrá kéékèèké.

Ẹní tatami ló bo ilẹ̀, a kì í sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí ìyá wa rárá, nítorí ẹnu ọ̀nà náà ni a ti ń bọ́ bàtà ní agbo ilé wa. Orí ẹní yẹn ló ti ń kírun. Àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ń jókòó sí, nítorí náà ẹ tètè béèrè àga fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Ní ti oúnjẹ, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ láti ọjà àárọ̀ etí odò Miyagawa tó wa. Nagoya ni a ti ra ẹran halal. Ẹ má ṣe di kílíṣí sínú ẹrù, nítorí òfin wọn kò gba ẹran wọlé láìsí ìwé àyẹ̀wò.

Òtútù ni àléébù ńlá ilé náà. Atẹ́gùn ń gba àárín pákó wọlé, yàrá kan péré ni ohun amúlémóoru wà, ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sì tutù gan-an. Bẹ́ẹ̀ yìnyín máa ń pọ̀ ní Takayama nígbà òtútù. Oṣù Karùn-ún ni mo fara mọ́. Ní ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kẹrin, àti ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹwàá, ọdún ìlú máa ń kó èrò wá, ẹ sì ní láti ti háyà ilé ṣáájú. Àtẹ̀gùn òkè ilé náà dúró ṣánṣán, kò sì ní ohun ìdìmú kankan, èyí tí ó yẹ kí onílé ti tún ṣe. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ilé aláìlókè ni kí ó béèrè.